Kí yunifásítì yín tó pariwo, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gbọ́: bí a ṣe ń fi ìwádìí àti dátà ṣe é

Dátà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà máa wọ ọ̀rọ̀ wa tó bá yá. Dátà tí mò ń sọ ni àkọsílẹ̀: ohun táwọn èèyàn ń béèrè, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù, ọjọ́ tí wọ́n sanwó, ọjọ́ tí wọn ò san, gbogbo nǹkan tó ti wà nílẹ̀ ní yunifásítì tẹ́nikẹ́ni ò wò.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìròyìn ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Lọ́dún kan a ṣe fídíò láti fi kí àwọn fresher káàbọ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, drone gbéra ó ya Senate Building látòkè, VC sọ̀rọ̀, Registrar sọ̀rọ̀, dean mẹ́ta sọ̀rọ̀, wọ́n wá fi orin ilé ìwé kádìí ẹ̀. A gbé e sórí Facebook, inú wa ń dùn. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀ ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni clearance máa parí?" Ẹnì kejì béèrè nǹkan kan náà. Kó tó dalẹ́, ìbéèrè clearance ti kún ibẹ̀ bámúbámú, kò sì sẹ́ni tó dáhùn nínú wa, torí fídíò làwa ń ṣe, clearance kì í ṣe tiwa. Ojú tì mí díẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lanu, ohun tí mo sì rí kọ́ ni mo kọ síbí fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nírú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, tàbí student affairs, tàbí alumni office, tàbí ẹ̀yin SUG pàápàá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ìbéèrè

Bó ṣe máa ń rí ni pé ọ̀gá kan á dé láti ìpàdé, á ní "ẹ jẹ́ ká ṣe survey", wọ́n á kó ogójì ìbéèrè jọ, nígbà tí èsì bá dé kò ní sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, á wà nínú flash drive títí flash yẹn á fi sọnù. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: tí èsì bá rí báyìí, lágbájá la máa ṣe, tó bá rí bí tọ̀hún, tàmẹ̀dò la máa ṣe. Tí ẹ ò bá lè kọ gbólóhùn yẹn, ẹ má tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ ẹni kankan.

"Kí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò nípa wa?" ò ṣeé fi ṣe nǹkan kan. Èyí tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ ni irú pé: kí ló dé táwọn kan san acceptance fee tán tí wọn ò parí registration? Kí ló dé táwọn tó ti jáde láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kì í ṣí email tí à ń fi ránṣẹ́? Ẹ mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan ti tó fún semester kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

UI ti wà láti 1948, UNILAG láti 1962. Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọmọ tó jáde tó ti di bàbá àgbà, tó jókòó sí London tó ń ka nǹkan pẹ̀lú jígí, ó sì tún ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú gbọ̀ngàn JAMB tó ń wá cut-off mark. Ṣé ìkéde kan náà lẹ fẹ́ kọ sí àwọn méjèèjì?

Lórí bébà náà, ẹ to àwọn èèyàn yín: àwọn jámbáìtì tó ṣì ń wá àyè wọlé, àwọn fresher, àwọn stalite tó ti pẹ́ níbẹ̀, òbí, òṣìṣẹ́, alumni, àwọn ará àdúgbò tó yí ilé ìwé ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta: kí ló ń wá lọ́dọ̀ wa, ibo ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ta ló gbàgbọ́ tó bá sọ̀rọ̀. Ìkẹta yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé, ó sì ṣe pàtàkì ju àwọn tó kù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ 100 level ò gba wẹ́ẹ̀bù yín gbọ́ bó ṣe gba course rep gbọ́. Àwọn onílé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé lẹ́yìn gate, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn yẹn máa ń mọ ọjọ́ ìwọlé kí wẹ́ẹ̀bù tó gbé e jáde, ẹ ò sì ní bá orúkọ wọn nínú ètò ìròyìn yunifásítì kankan, àyàfi ọjọ́ tí ìjà bá ṣẹlẹ̀.

Òbí náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, torí ẹni tó gba admission kọ́ ló ń sanwó. Mo máa padà síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ohun tó ti wà nílẹ̀

Ibi tí mo fẹ́ ká jókòó sí dáadáa nìyí, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìwé kan wà lórí tábìlì enquiry ní ọ́fíìsì tí mo wí yẹn, 2A onípáálí líle, wọ́n fi òwú so bíróò mọ́ ọn kí wọ́n má bàa jí i. Wọ́n fi rúlà fàlà sí i: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ẹni tí o fẹ́ rí, ìdí tí o fi wá, ibùwọ́lù. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan, mo wo ibi tí wọ́n kọ "ìdí" sí. "Official." "Personal." "Official." "Official." "Personal." Ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sẹ́yìn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Èèyàn tí ò níye ti rin ìrìn àjò wá sọ́dọ̀ wa, a sì ti sọ gbogbo wọn di ọ̀rọ̀ méjì.

Mo bá àǹtí tó ń jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá dé, ẹ kọ ohun tó sọ gan-an sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, tó bá sọ ọ́ ní Yorùbá ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti rí èrò tó máa ń wà níbí lọ́jọ́ Monday?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, bí a ṣe fi corper kan tì wọ́n nìyẹn, láàárọ̀ nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a gé gbogbo ẹ̀ sí bébà kéékèèké, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì, a kó èyí tó jọra pọ̀. Òkìtì transcript ga jù lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "mo ti sanwó, portal ò gbé e." Nǹkan méjì tí a ò lérò tún yọjú: ọ̀pọ̀ àwọn tó wá kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n ni, ìyá ni, àbúrò tí wọ́n rán níṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ni, àwọn kan sì sọ ọ́ gbangba pé nọ́ńbà tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù làwọn pè tí kò lọ ni wọ́n ṣe wọkọ̀ wá. Ẹ gbọ́ o, a ti ní drone, a ò ní nọ́ńbà tó ń lọ.

Lẹ́yìn ìwé yẹn, ẹ lọ sí wẹ́ẹ̀bù. Ọ̀fẹ́ ni Google Search Console. Tí webmaster yín bá ti so ó mọ́ site, ẹ wọ Performance, ẹ wo Queries, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ sínú Google kí wọ́n tó rí yín. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí yín lórí ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ṣùgbọ́n tí wọn ò tẹ̀ yín: ìbéèrè wọn nìyẹn, ojú ewé yín ò sì dà bí ìdáhùn lójú wọn. Google Analytics, tó ń ka ohun táwọn èèyàn ń ṣe lórí wẹ́ẹ̀bù yín, náà dáa, àmọ́ ti àtijọ́ ti dá iṣẹ́ dúró láti July 1, 2023, GA4 ló kù, tí wọ́n bá ṣì ń fi ti àtẹ̀yìnwá ṣe report fún yín ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú GA4 ẹ wo ojú ewé tí wọ́n ń ṣí jù, kí ẹ sì wo iye tó ń lo fóònù. Tó bá jẹ́ pé fóònù ló pọ̀, kí ló dé tí admission list yín fi jẹ́ PDF oníwọ̀n ńlá tí ọmọ á fi dátà ẹ̀ wà jáde tán kó tó mọ̀ pé orúkọ òun ò sí níbẹ̀? Mo ní dátà yẹn máa wọ ọ̀rọ̀ wa àbí.

Iye "like" tó wà lórí Facebook yín, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ yín ló ń tẹ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ kà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà

Àkọsílẹ̀ á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kì í sọ ìdí ẹ̀. Ẹ wá èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ìsọ̀rí kan, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogún ìṣẹ́jú ti tó.

Ìṣòro tiwa ni pé a kọ́ ọmọ dáadáa nílé. Tí òṣìṣẹ́ tó wọ súùtù bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé "ṣé ètò ìforúkọsílẹ̀ wa dáa?", kí ló fẹ́ sọ? "Ó dáa sà." Kò ní bá àgbàlagbà jiyàn, ó sì tún mọ̀ pé ẹ lè mọ lecturer òun. Nítorí náà, ẹ má ṣe é ní ọ́fíìsì, ẹ lọ sí búkà tàbí abẹ́ igi níwájú faculty, ẹ ra mínírà, kí corper tàbí ẹni tó ń ṣe IT lọ́dọ̀ yín béèrè, ẹ̀yin ẹ jókòó sẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ sí dean níbẹ̀ o. Bákan náà ẹ má béèrè èrò, ẹ béèrè ìtàn: "Ìgbà tó o ṣe registration gbẹ̀yìn, sọ bó ṣe lọ fún mi láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn." Tó bá ní ó lọ sí cybercafé, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò ṣe é lórí fóònù, èló ló san, ta ló tẹ̀lé e. Kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó sọ ọ́ ní Pidgin, ẹ má fi gírámà dí i lẹ́nu.

Òbí ńkọ́? Mo lọ bá ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́jà, ọmọ wọn ló júwe ibẹ̀ fún mi, ó ṣáà gbàgbé láti pè wọ́n. Mo ní:

"Ẹ kú ọjà o, mà."

"Ò o, ẹ káàbọ̀ oníbàárà mi, èwo lẹ fẹ́?"

"Mi ò wá rajà mà. Ilé ìwé ọmọ yín ni mo ti wá."

Abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Hẹ̀ẹ́! Ṣé kò sí o? Kí ló ṣe é?"

Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Mi ò tíì béèrè ìbéèrè kankan, mo ti rí ìdáhùn tó tóbi jù gbà: lójú ìyá yìí, tí yunifásítì bá wá ẹ wá, aburú ló dé. Nígbà tá a wá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní voice note ọmọ làwọn fi ń mọ gbogbo nǹkan, iye tó bá dá làwọn ń san, wọn ò rí bébà owó ilé ìwé kankan láti ilé ìwé rí. Ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tọ́mọ lè fi ìyẹn ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀yìn èyí ni survey kàn

Gbogbo ẹni tó ti kọ project ní Nàìjíríà mọ ìlànà Taro Yamane, chapter three, ibi tá a ti ń kọ n = N/(1+Ne²): n ni iye èèyàn tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn, N ni iye gbogbo wọn, e ni àṣìṣe tí ẹ gbà láyè. Tí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá jẹ́ 30,000, tí ẹ gba àṣìṣe ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún láyè, 1+Ne² á jẹ́ 76, 30,000 tí ẹ pín sí ọ̀nà 76 á fún yín ní 395. Tí wọ́n bá jẹ́ 3,000 péré, 353 ni. Ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó wà nínú 395 yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dún 1936 ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì bíi mílíọ̀nù 10 ránṣẹ́ láti mọ ẹni tó máa di ààrẹ. Èyí tó padà lé ní mílíọ̀nù 2, wọ́n ní Landon ló máa wọlé. Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló gbà. George Gallup tó béèrè lọ́wọ́ èèyàn tó kéré sí tiwọn gan-an ló sọ ọ́ bó ṣe rí. Orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò ló pọ̀ nínú ìwé tí Digest fi ń wá èèyàn, nígbà tí ebi ń pa aráàlú. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n sì kọ̀wé sí ni ò dáhùn.

Link tí ẹ jù sínú WhatsApp group department, Literary Digest nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tó ní dátà ló máa dáhùn, àti ẹni tínú ń bí, àti ọ̀rẹ́ course rep. Ẹni tí fóònù ẹ̀ ti bàjẹ́, ẹni tí kò tíì san school fees tí kò wá sí kíláàsì mọ́, àwọn tí ẹ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn gan-an, wọn ò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ gba list matric number lọ́wọ́ Academic Affairs, ẹ tò ó ní level ní level, ẹ mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 76 láìwojú, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa mú ẹni kẹrìndínlọ́gọ́rin tẹ̀ lé e títí list á fi tán. Tí 100 level bá jẹ́ ìdá mẹ́rin kan nínú ilé ìwé, nǹkan bí 99 ló máa bọ́ sọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, ẹ pè é, ẹ tún un pè, ẹ má yára fi ẹlòmíì rọ́pò.

Ìbéèrè ò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ẹ má fi ìbéèrè méjì sínú ẹyọ kan, bíi "ṣé hostel àti ilé ìkàwé tẹ́ yín lọ́rùn?", ẹni tí ilé ìkàwé tẹ́ lọ́rùn tí ìdun ń jẹ ní hostel, kí ni kó tẹ̀? Ẹ fún èèyàn mẹ́wàá dán an wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kó tó jáde, kí ẹ jókòó tì wọ́n láìsọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n bá ti dúró tí wọ́n ń fọwọ́ ha orí, ibẹ̀ lẹ máa tún kọ. Má fi àwòrán VC sí orí fọ́ọ̀mù, ó ń jẹ dátà, ó sì ń dẹ́rù bà wọ́n.

Àkókò náà ṣe kókó. ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní February 14, 2022, October 14 ni wọ́n tó dá a dúró, oṣù mẹ́jọ. Tí ẹ bá ṣe survey ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé padà yẹn, ìbínú oṣù mẹ́jọ lẹ máa kó jọ tí ẹ máa pè é ní èsì ilé ìkàwé. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò náà ò dáa.

Tí èsì bá dé, ẹ ṣọ́ra fún gígé e sí wẹ́wẹ́. 395 tí ẹ bá pín sí faculty 13, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn ló kù fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ìyẹn sọ pé Law fẹ́ràn wa ju Science lọ, ìjà lásán lẹ ń dá sílẹ̀.

Òfin, ní kúkúrú

Láti June 2023 la ti ní Nigeria Data Protection Act. Ẹ sọ fún èèyàn ohun tí ẹ fẹ́ fi ìdáhùn ẹ̀ ṣe, ẹ má gba ohun tí ẹ ò nílò, tẹ́ ẹ bá ti fi matric number wá wọn rí ẹ yọ ọ́ kúrò lára ìdáhùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí ló ń fọwọ́ sí i, àwọn jámbáìtì tó sì wà nírú ọjọ́ orí yẹn ò kéré. Àti pé ẹ jọ̀wọ́, Excel tí orúkọ àti nọ́ńbà wà nínú ẹ̀, ẹ má jù ú sínú group WhatsApp òṣìṣẹ́ kí "gbogbo wa lè rí i". Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ kejì ẹnì kan ti ń fi nọ́ńbà yẹn polówó ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣe nǹkan kékeré, ẹ fi wé èyí tí ẹ ò ṣe

Georgia State University ní Atlanta ní irú ìṣòro tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ gba admission, wọ́n láwọn ń bọ̀, nígbà tí ilé ìwé wọlé a ò rí wọn. Wọ́n rí i pé bébà àti fọ́ọ̀mù ló ń há wọn lọ́nà, owó ìrànwọ́, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, irú ìyẹn. Lọ́dún 2016 wọ́n gbé nǹkan kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Pounce, tó ń dáhùn ìbéèrè nípa text lórí fóònù tọ̀sán tòru. Ìdáhùn tó lé ní 200,000 ló fi ránṣẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, iye àwọn tó ń sá lọ sì dín kù ní nǹkan tó lé díẹ̀ ní ìdá márùn-ún kan. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn ò fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀, wọ́n wá fi wọ́n wéra.

Ẹ ò nílò rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ pín àwọn fresher tí wọn ò tíì parí registration sí méjì láìwojú, ẹ fi SMS kúkúrú ránṣẹ́ sí apá kan: ohun tó kù, ibi tó ti lè ṣe é, nọ́ńbà tó ń lọ. Apá kejì á gba ìkéde tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ẹ ka iye tó parí nínú ìkọ̀ọ̀kan, tí ti SMS bá ju èkejì lọ dáadáa, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí portal tó pa dé. Tí kò bá jù ú, ẹ ti fi owó díẹ̀ mọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ojú ewé kan fún ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó dáhùn

VC ò ní ka ọgọ́ta ojú ewé. Ẹ fún un ní ẹyọ kan: ohun tí a béèrè, ohun tí a rí, gbólóhùn kan tó jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òbí gan-an, ohun tí a fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí àti iye tó máa ná wa. Ọ̀rọ̀ ìyá tí abọ́ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ wọn yẹn, èmi ni mo kà á ní ìpàdé management, mi ò fi nọ́ńbà kankan tì í. Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí owó ilé ìwé máa lọ sórí fóònù òbí tààrà, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ padà sọ fún àwọn tí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. "Ẹ ní nọ́ńbà ò lọ, nọ́ńbà tuntun nìyí." Tí wọn ò bá gbọ́ nǹkan kan, wọn ò ní dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Semester tó ń bọ̀ ẹ tún ìbéèrè kan náà béèrè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ má tún gírámà ẹ̀ ṣe, torí tí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà ẹ ò ní mọ̀ bóyá èèyàn ló yí tàbí ìbéèrè.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ ra 2A tuntun kan. Ẹ fàlà mẹ́rin sí i: ta ni (akẹ́kọ̀ọ́, òbí, alumni, ará àdúgbò), ohun tó béèrè bó ṣe sọ ọ́, ibo ló ti kọ́kọ́ wá a kó tó wá síbí, ṣé ó rí i gbà. Kò sí "official", kò sí "personal". Ẹ so bíróò mọ́ ọn.